Irin Tí Kò Sùn Nínú Eérú

Ní Ifangni wa níbí, bí ènìyàn bá gbàgbé ohun tí kò yẹ kó gbàgbé, bí obìnrin bá se ọbẹ̀ tí kò fi iyọ̀ sí i, àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "O ti ṣe bí alágbẹ̀dẹ tó gbàgbé eérú." Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ń sọ ọ́, wọn kò sì mọ ibi tó ti wá. Èmi mọ ibi tó ti wá. Bàbá mi ni alágbẹ̀dẹ náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ ni inú ń bí mi, tí mo sì ń dákẹ́, nítorí bí mo bá la ẹnu pé mo fẹ́ bú ẹnikẹ́ni, ara mi ni n ó kọ́kọ́ bú.

Bọ̀n, ó dáa, mo ti dàgbà báyìí. Irun orí mi ti funfun tán, kò sí ẹni tó lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àsìkò Rẹfolúsíọ̀n ni, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ yí gbogbo nǹkan padà. Ẹni tó bá tó ọjọ́ orí mi mọ ohun tí mò ń wí. Kamarádì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, ni gbogbo wa nígbà náà: olùkọ́ jẹ́ kamarádì, ìyá arúgbó tó ń ta gààrì jẹ́ kamarádì. Bí o bá wọ ọ́fíìsì kan, kí o tó kí wọn pé ẹ káàárọ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kígbe pé o ti ṣe tán fún Rẹfolúsíọ̀n. Kútọnú ni mo wà, mò ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìjọba ló ń san owó ìwé mi. Àwa obìnrin méjì péré la wà nínú kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tó le jù níbẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní èr-dé-èm, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí irin àti igi ṣe ń gba ẹrù mọ́ra: bí o bá fa irin, bí o bá tẹ̀ ẹ́, bí o bá yí i lọ́rùn, mélòó ni yóò gbà kó tó wọ́, mélòó ni yóò gbà kó tó kán. Àwọn ọkùnrin kíláàsì wa ń sunkún ẹ̀kọ́ yìí. Èmi ni mo gba ipò kìíní nínú rẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí orí mi ṣe wú tó! Bí mo bá ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀kùn, ń ṣe ló dà bíi pé kí n bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ní tirẹ̀ kò mọ̀wé. Àgbẹ̀dẹ rẹ̀ wà létí ọ̀nà tó lọ sí Igolo, ó ní ẹwìrì, ó ní ẹmú, ó tún ní ìgò gáàsì méjì tó fi ń jó irin pọ̀. Èmi nìkan ni ọmọ tó ní, ìyá mi sì ti kú láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Kò mọ a-b-c, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà dáadáa, torí kò sí bó ṣe lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìwọn nǹkan, kò sì sí oníṣòwò Igolo tó lè rẹ́ ẹ jẹ lórí ìwọ̀n. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa irin wà nínú gbólóhùn kan tó gbà lẹ́nu bàbá tirẹ̀: "Irin tí yóò gé, fún un lómi. Irin tí yóò gbé, jẹ́ kó sùn nínú eérú."

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Àdá, ọ̀bẹ, ọkọ́, bí wọ́n bá ti pọ́n nínú iná tán, inú omi ni ó ń rì wọ́n bọ̀, kí ẹnu wọn lè le. Ṣùgbọ́n irin tí ẹrù yóò wà lórí rẹ̀, tàbí tí ènìyàn yóò máa fi gbogbo agbára yí, kòtò eérú gbígbóná ló ń bò ó mọ́, kó tutù níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni. Bí oníbàárà bá ń kánjú, bàbá mi á ní, "Lọ bá ẹlòmíràn, temi ṣì ń sùn." Ó ti lé oníbàárà tó pọ̀ lọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà sì ti máa ń bínú sí i nítorí rẹ̀ láti kékeré.

Ọdún tí mò ń wí yìí, mo wá sílé fún ìsinmi. Àwọn obìnrin ìlú wa tó ń fún epo pupa ti kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan, ìjọba sì ní kí wọ́n ṣe prẹ́ẹ̀sì fún wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọn yóò máa fi fún ẹyìn tí wọ́n ti gún, dípò kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ̀rọ náà kò ju báyìí lọ: agolo ńlá kan tí ihò wà lára rẹ̀, férémù irin tó dúró lé e lórí, àti ọ̀pá irin gbọọrọ kan láàárín tí wọ́n gbẹ́ ìlà yípo yípo sí lára. Bí o bá yí ọ̀pá náà, á máa sọ̀ kalẹ̀, á sì máa tẹ ẹyìn inú agolo mọ́lẹ̀. Lókè pátápátá ni orí ọ̀pá wà, irin kìǹbà kan tó ní ihò, níbi tí igi gígùn tí àwọn obìnrin yóò dì mú láti fi yí i yóò gbà kọjá. Bàbá mi ra irin ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti bàjẹ́ ní Igolo, èyí tó máa ń so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ó gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ìlà sí i. Ohun tó kù ni kó fi gáàsì jó orí mọ́ ọn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó fẹ́ jó o ni ẹni tó ń ṣojú ìjọba ní ìlú wa, tí gbogbo wa ń pè ní délégéè, gun mobilẹ́tì rẹ̀ dé. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Kamarádì alágbẹ̀dẹ, àwọn àlejò wa láti òkè ti yí ọjọ́ padà. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣí prẹ́ẹ̀sì."

"Ọ̀la kẹ̀?" ni bàbá mi wí. "Irin yìí kò tíì sùn."

"Irin kì í sùn, kamarádì. Rẹfolúsíọ̀n náà kì í sùn." Ó yí mobilẹ́tì rẹ̀ padà, ó lọ.

Bàbá mi nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ilé délégéè lọ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọjọ́ méjì kún un. Mo fò dìde. Mo ní, "Bàbá, ẹ má lọ o! Ẹ fẹ́ kí wọ́n pè yín ní ọ̀tá ìjọba ni? Owó ìwé mi ńkọ́? Nítorí eérú!" Ìwé mi wà lọ́wọ́ mi láti òwúrọ̀, èr-dé-èm náà ni mò ń kà. Mo ṣí i sí ojú ewé tí wọ́n ti to oríṣiríṣi irin sí, mo gbé e sí i níwájú lórí àpótí, bí ìgbà tí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Irin ọkọ̀ akẹ́rù nìyí. Ìlà àkọ́kọ́ yìí ni bí agbára rẹ̀ ṣe tó bí ẹ bá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Ìlà kejì ni bó ṣe tó bí ẹ bá rì í bọ omi. Ẹ ka nọ́ńbà ibẹ̀ fúnra yín. Èyí ju ìlọ́po méjì tọ̀hún lọ! Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń tẹ́ eérú yìí, ń ṣe lẹ ń dín agbára irin kù."

Ó tẹjú mọ́ ìwé náà. Ìka rẹ̀ dúdú, ó sì tóbi, ó ń fà á lọ lórí ìlà náà díẹ̀díẹ̀ láti apá òsì títí dé apá ọ̀tún. Nígbà tó dé ìparí, ó dúró.

"Níbí yìí, ogún ni," ló wí. "Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́ta ni. Èyí tó kéré yìí ńkọ́?"

Mo wò ó fìrí. Mo ní, "Ìyẹn? Ìyẹn ò kàn wá, Bàbá. Wọn kì í bi wá níbẹ̀ nínú ìdánwò."

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi gan-an nìyẹn. Ọlọ́run ló gbọ́ ọ, bàbá mi náà sì gbọ́ ọ. Ó bi mí pé, "Ìwé ló ní kí a fún un lómi?" Mo ní ìwé ló wí bẹ́ẹ̀. Ó wo kòtò eérú tó ti ń kó iná sí láti àárọ̀. Eérú náà ti kún, ó ti gbóná, ó ń dúró. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dàkọ́ọ̀, mo gbà, Ẹ̀njéníọ̀ mi." Ẹ̀njéníọ̀, ìyẹn onímọ̀ ẹ̀rọ, lorúkọ tó máa ń fi bá mi ṣeré, ṣùgbọ́n kò ṣeré lọ́jọ́ náà.

Èmi ni mo fín ẹwìrì. Ó jó orí mọ́ ọ̀pá, ó jẹ́ kó pọ́n dáadáa, ó fi ẹmú gbé e, ó rì í bọ omi. Shìììì! Gbogbo àgbẹ̀dẹ kún fún èéfín. Nígbà tó yọ ọ́, ó mú fáìlì, ó fi rin ín, fáìlì náà kàn ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni, kò lè họ ọ́. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀ fún yín!" Bàbá mi ní, "Ó le, lóòótọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìlú pé. Àlejò dé, wọ́n sọ̀rọ̀, a kígbe, wọ́n tún sọ̀rọ̀, a tún kígbe. Ẹ jọ̀ọ́, oòrùn mú wa lọ́jọ́ náà! Wọ́n wá kó ẹyìn sínú agolo, obìnrin mẹ́rin dìde láti yí igi. Ẹni tó síwájú ni ìyá alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà, tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa. Nígbà tí ìyá mi kú, òun ló ń pọ̀n mí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti jẹun títí mo fi lè dá jẹun. Ó kọjú sí mi láàárín èrò, ó ṣẹ́jú, ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ rèé o!" Mo fẹ́ sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ tèmi náà ni. Mo fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀.

Wọ́n yí i. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í ro, pupa fòò. Ariwo ayọ̀ sọ. Délégéè ní kí wọ́n tún fi agbára sí i, kí àlejò rí i. Àwọn obìnrin náà fi àyà ti igi, wọ́n ń rìn yípo, ẹsẹ̀ wọn ń walẹ̀.

Pàù!

Mo ní pàù! Àwọn kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n rò pé ìbọn ni. Orí ọ̀pá ti kán kúrò pátápátá. Igi náà fò, àwọn obìnrin mẹ́ta ṣubú léra wọn, igi náà sì lu ìyá alága ní apá. Mo gbọ́ ìró egungun rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Kò tilẹ̀ tètè ké. Ó kàn jókòó sílẹ̀ sínú epo, ó ń wo apá rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

Yéè! Mo sáré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sáré lọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ irin ni mo sáré lọ. Mo gbé orí ọ̀pá náà nílẹ̀, mo wo ojú ibi tó ti kán. Irin tó bá ti fara da ìyà kó tó já máa ń fà ya bí èèpo igi tútù ni, á wọ́, á nà, o ó rí i pé ó jà. Èyí kò jà rárá. Ojú rẹ̀ ń dán wínníwínní bí ìgbà tí o bá fi eyín kán súgà onígun sí méjì. Mo rí nọ́ńbà kékeré yẹn, mẹ́ta yẹn, lójú mi kedere, bíi pé wọ́n kọ ọ́ sára irin náà. Mo mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n ti kọ́ wa! Ó jẹ́ bí irin ṣe lè nà tó kó tó já. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo ti fi rúlà fa ìlà sí i nídìí, n kò sì rántí rẹ̀, torí pé wọn kì í béèrè rẹ̀.

Délégéè ti ń pariwo. Ó ní èyí kì í ṣe lásán, ó ní sàbótáàsì ni, ẹnì kan ló fẹ́ ba iṣẹ́ Rẹfolúsíọ̀n jẹ́ lójú àlejò. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ènìyàn lè bá a lọ, kó má padà wálé. Jẹ́ńdáàmù méjì, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, ti ń bọ̀. Délégéè ń bi wá pé, "Ta ló ṣe irin yìí? Ta ló ní kí ẹ ṣe é báyìí?"

Mo la ẹnu mi. Mo búra fún yín, mo la ẹnu mi. Bàbá mi sì ti bọ́ sí iwájú.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi nìkan ni. Ogbó ti dé, mo gbàgbé eérú."

Ẹnì kan nínú èrò rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ẹkún yẹn, ẹnì kan rí ẹ̀rín rín! "Alágbẹ̀dẹ gbàgbé eérú!" Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi yíjú sí mi, ó mú ètè rẹ̀ méjèèjì pọ̀ gírígírí, bó ṣe máa ń ṣe sí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nígbà àdúrà. Mo pa ẹnu mi dé. Wọ́n mú un lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò lè jẹun. Ní ọjọ́ kẹrin, mo se oúnjẹ, mo gbé ìwé èr-dé-èm sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó, mo lọ sí ibi tí wọ́n tì í mọ́. Mo ti pinnu pé n ó ṣí ojú ewé náà fún ọ̀gá wọn, n ó sì ní èmi ni. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún un. Ó jókòó sórí ẹní, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀. Mo wólẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bú sẹ́kún.

"Bàbá, mo máa sọ fún wọn. Mo gbé ìwé náà wá."

"Gbé e padà."

"Bàbá, èmi ni mo pa yín."

"Dìde nílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bí o bá sọ ọ́, wọn ò ní tú mi sílẹ̀. Àwa méjèèjì ni wọn yóò tì mọ́lé, ìwé rẹ á sì parí síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ arúgbó lè gbàgbé. Ọmọ tí ìjọba ń kọ́ ní irin kò lè gbàgbé. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó nu ọwọ́, ó wá béèrè bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Èyí tó kéré yẹn. Mẹ́ta yẹn. Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní òun ni bí irin ṣe lè nà tó kó tó já. Mo ní èyí tí ó ní ogún á kọ́kọ́ wọ́, á fi ara rẹ̀ hàn, ènìyàn á ríbi sá. Èyí tí ó ní mẹ́ta kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi mi orí. "Sùúrù rẹ̀ ni," ló wí. "Eérú ló ń fún un ní sùúrù." Ó wo oúnjẹ rẹ̀. "Mo rí i lọ́jọ́ náà pé ó kéré jù. Ọkàn mi kò gbà á. Ṣùgbọ́n mo rò pé o mọ̀ ọ́n."

Hà! Ẹni bá gbá mi létí lọ́jọ́ náà, n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo gbé ìwé mi, mo kọjá níwájú ọ̀gá wọn, mo ní "Ẹ ṣé o, kamarádì." Mo sì padà sí Kútọnú.

Oṣù mẹ́ta ni bàbá mi lò ní àtìmọ́lé. Ìyá alága ló gbà á sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, apá rẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn, ó ń sọ fún wọn pé apá òun ló kán, òun ló sì yẹ kó mọ ẹni tó ṣẹ òun, pé alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, ó kàn gbàgbé ni. Apá náà jiná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Títí tó fi kú, ó ń fi apá wíwọ́ yẹn bu oúnjẹ fún mi bí mo bá wá sílé, kò sì mọ̀. N kò sọ fún un.

Bàbá mi tún dáná àgbẹ̀dẹ, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i. Iṣẹ́ kékeré ló kù tí wọ́n ń gbé fún un, ọkọ́, àdá, àgbékọ́ ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó tún gbé irin tí yóò gbé ẹrù fún un. Kò bínú sí mi rí. Bí mo bá dé, á gbé àga fún mi, á bi mí nípa iṣẹ́, nípa ọkọ mi, nípa ọmọ. Ṣùgbọ́n kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa irin mọ́. Mo gba ìwé ẹ̀rí, mo di olùkọ́, èr-dé-èm gan-an ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ, ó sì lè jókòó tì mí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, irin ní ọwọ́ rẹ̀, kó máà bi mí ní ẹyọ kan.

Nígbà tó kú, ilé wa kún. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, ohun rere ló pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá dìde, ó sọ ìtàn ọjọ́ prẹ́ẹ̀sì, ó ṣe bí bàbá mi ṣe bọ́ síwájú, ó yí ohùn padà, ó ní, "Ogbó ti dé, mo gbàgbé eérú!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí, èmi tó ni òkú, bóyá inú á bí mi.

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Òkú bàbá mi wà nínú yàrá, mo jókòó síbẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín.

Kò gbàgbé. Eérú náà wà nínú kòtò lọ́jọ́ náà, ó gbóná, òun fúnra rẹ̀ ló kó o síbẹ̀ láti àárọ̀. Èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀.